Ìmọ̀ràn: Ẹ̀yà ara alùpùpù wo ló bá Honda CG125 mu láti sọ ọ́ di cafe racer?

Ẹlẹ́sẹ̀Méjì_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. CG125 oní-12V kan wà nílẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le, férémù kò tẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ di máṣíìnì àtijọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní cafe racer: áńdù tó relẹ̀, àga ẹnì kan, táyà tó sanra díẹ̀, bíréèkì onídíìsì níwájú. Mi ò ní ra ẹ̀yà láti òkè òkun. Ara àwọn máṣíìnì tó wà nígboro ni màá ti yọ ọ́: Boxer, Pulsar, YBR, GN125. Kí ló ń bá ara mu, kí sì ni kí n kọ́kọ́ rà?

Tọ́nà_Agodi
Àbúrò, má tíì náwó lórí táǹkì. Òun ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rà nítorí òun ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n iwájú ni iṣẹ́ ti máa ń dá dúró: ṣọ́ọ̀kù, táyà, bíréèkì. Fáníà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ irin) ni kí o kọ́kọ́ rà, kí o máa mú un lọ sọ́jà.

Ra odindi iwájú lára máṣíìnì kan ṣoṣo. Odindi tí mo ń wí ni ṣọ́ọ̀kù méjèèjì, irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ tó di wọ́n mú, táyà pẹ̀lú áàsù àti àwọn búṣì rẹ̀, díìsì, kálípà, rọ́bà ọ́ìlì, àti ìgò ọ́ìlì bíréèkì tó ń wà lórí áńdù. Bí o bá mú ṣọ́ọ̀kù lára Pulsar, họ́ọ̀bù lára YBR, kálípà lára òmíràn, búṣì lásán ni wàá máa sanwó rẹ̀ fún tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin), díìsì á sì tún máa ha ẹ̀gbẹ́ kan kálípà.

GN125 tó ní díìsì níwájú ló bá ojú máṣíìnì àtijọ́ mu jù, nítorí ìnṣì 18 ni rímù iwájú rẹ̀ bíi ti CG. Wo rímù dáadáa kí o tó sanwó: àwọn kan jẹ́ onísípóòkù, àwọn kan jẹ́ álọ́ì. Onísípóòkù ni o fẹ́. Díìsì Pulsar ń múni dúró dáadáa, ṣùgbọ́n rímù álọ́ì rẹ̀ kò jọ ohun àtijọ́ rárá.

Ọ̀pá tó wọ inú ọrùn férémù ni iṣẹ́ wà. Ti máṣíìnì tí o yọ iwájú lára rẹ̀ lè gùn ju ọrùn CG lọ, ó sì lè kúrú jù. Wọn ọrùn férémù láti etí abọ́ òkè dé etí abọ́ ìsàlẹ̀. Wọn ọ̀pá náà láti ibi tí bíárìnì ìsàlẹ̀ ń jókòó sí dé ibi tí tẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá bá ara mu, má fi wọ́ṣà tò ó. Kí tọ́nà ti ọ̀pá CG jáde kúrò nínú irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó gbẹ́ ihò irin ìsàlẹ̀ tuntun kí ó kéré sí ọ̀pá náà pẹ̀lú 0.03 sí 0.05 mm, kí ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jó o mọ́ irin láti iléeṣẹ́, kí ó gé ojú jíjó yẹn kúrò ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin á ya. Báyìí, bíárìnì àti abọ́ CG tìrẹ ni wàá máa lò lọ.

Bí o bá ń to bọ́ọ̀lù bíárìnì padà, kà á. Bí o bá ti parí, gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀: áńdù gbọ́dọ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mì síwá-sẹ́yìn bí o bá fa ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù.

Bíréèkì_Lákọ̀ọ́kọ́
Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tọ́nà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ti bíréèkì kún un. Tọkọtaya ni kálípà àti ìgò ọ́ìlì tó wà lókè, ẹ má yà wọ́n. Bí písítìnì ti òkè bá kéré jù fún kálípà, lẹ́fà á wọlé kan áńdù kí ó tó mú. Bí ó bá tóbi jù, lẹ́fà á le bí igi, gbogbo ọwọ́ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ kí máṣíìnì tó dúró.

Bóòtù oníhò tó so rọ́bà ọ́ìlì mọ́ kálípà náà ń tan ènìyàn jẹ. M10x1.25 ló wà lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì Jàpáánù, M10x1.0 sì wà nígboro pẹ̀lú. Lójú, ìkan náà ni wọ́n. Ẹ fi ọwọ́ lásán wọ̀ ọ́ dé ìdí kí ẹ tó mú sípánà, torí pé bí tẹ́ẹ̀dì kálípà bá ti já, kálípà ti lọ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà bàbà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 nìkan lẹ gbọ́dọ̀ dà sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì máa ń mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, bíréèkì á sì há mọ́ díìsì lójú ọ̀nà. Bí DOT bá kan ọ̀dà táǹkì, ẹ tètè fi omi fọ̀ ọ́, ó ń bó ọ̀dà.

Ọmọ_Akọ́níṣẹ́
Èmi kò rí ìdí tí 125 fi nílò díìsì. Bíréèkì ìlù CG tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó ṣe rogodo, tí wọ́n fi ṣúù ojúlówó sí, tó, ojú àtijọ́ sì ni. Owó díìsì yẹn á ra rímù méjì.

Bíréèkì_Lákọ̀ọ́kọ́
@Ọmọ_Akọ́níṣẹ́, mo gbà pé ó tó bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń gùn ún, tí ẹ́ńjìnì sì ṣì jẹ́ 125. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mú ìlù lára máṣíìnì mìíràn, kí ó wo abọ́ bíréèkì rẹ̀. Ojú ihò kan wà lára abọ́ náà tó ń gbá ìkọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù mú. Òun ni kì í jẹ́ kí abọ́ bá táyà yí. Bí ihò yẹn kò bá bá ìkọ́ ṣọ́ọ̀kù yín mu, abọ́ á yí lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì gidi, á wé kébù mọ́ra, táyà iwájú á sì há lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kò gbọdọ̀ fi wáyà tàbí kílíìpù dè é. Ẹ ṣe irin ìdìmú tó nípọn, kí ẹ fi bóòtù M8 tó le dáadáa dì í ní òpin méjèèjì, kí ẹ sì fi pínnì sí i.

Ẹlẹ́sẹ̀Méjì_Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an. Táyà ńkọ́? Mo fẹ́ 4.00-18 (fífẹ̀ 4.00, rímù ìnṣì 18) lẹ́yìn. Ẹnì kan tún ní kí n kàn gbé táyà Boxer sí i ní odindi.

Sípóòkù36
17 ni ti Boxer, 18 ni ti CG. Bí ẹ bá gbé 3.00-17 sí ibi tí 3.00-18 wà, táyà á kéré ní nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún: máṣíìnì á relẹ̀, ẹ́ńjìnì á máa ké jù lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan fún ohun tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ lo họ́ọ̀bù CG pẹ̀lú rímù 17, sípóòkù ti tẹ́lẹ̀ á gùn jù ní nǹkan bíi mílímítà 13. Ẹ ra tuntun. Gígé orí sípóòkù kí ó má baà gún túùbù kì í tó, tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á tán kí sípóòkù tó le.

Ní ti 4.00-18, táyà náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 100. Rímù CG tó fẹ̀ ní ìnṣì 1.60 kò lè gbé e. Bí ẹ bá fi tipátipá wọ̀ ọ́, ojú táyà á ṣe roboto bíi ti kẹ̀kẹ́, ojú kékeré àárín nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa mì bí ẹ bá yà síbi kọ́nà. 1.60 wà fún 2.75 àti 3.00. 1.85 wà fún 3.00 dé 3.50. 2.15 ni 4.00 ń fẹ́. Ẹ wo ara rímù, wọ́n tẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ ọn. Ẹ ka ihò rẹ̀ náà: 36 ló bá họ́ọ̀bù CG mu.

Ìmọ̀ràn tèmi: 3.50-18 lẹ́yìn lórí rímù 1.85, 3.00-18 níwájú. Ó sanra tó lójú, kò sì ní fi ara kan ṣéènì. 4.00 á kan ṣéènì tàbí apá ẹ̀yìn. Wọ́n á sì ní kí ẹ ti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì síta, ìyẹn tún máa béèrè sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú tó ta síta pẹ̀lú, títí ìnáwó ò fi ní lópin. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ na okùn láti ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn dé iwájú ní ọ̀tún àti òsì. Bí táyà bá tọ́ ṣùgbọ́n tí àlàfo okùn kò dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, sípóòkù lẹ máa fi fà á, kì í ṣe nọ́ọ̀tù tó ń fa ṣéènì.

ṢéènìGbígbẹ
Kí ẹ tó ra sípírọ́kẹ́ẹ̀tì: 428 ni ṣéènì CG. 420 ní gígùn ojú kan náà (12.7 mm), ṣùgbọ́n ó tínrín, kò ní wọ eyín 428. Bí ẹ bá fi eyín kan kún iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú yíyọ eyín mẹ́ta kúrò lẹ́yìn. Láti 14/45 (eyín iwájú 14, ẹ̀yìn 45: 3.21) sí 15/42 (2.80), ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn gedegbe: ẹ́ńjìnì á dákẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, òkè á sì wá nira. Nílùú olókè bí Ìbàdàn, ẹ dúró sórí 15/45.

Kọ́ìlì_àti_Epo
Tí àpò bá gbà, ẹ́ńjìnì ni ibi tí CG ti rọrùn jù. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnì àwọn máṣíìnì ṣáínà. 156FMI: 1 ni iye síléńdà, 56 ni fífẹ̀ ihò písítìnì, F ni pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, M ni máṣíìnì, I ni ìsọ̀rí 125. 162FMJ jẹ́ ìsọ̀rí 150 (62 x 49.5 mm, nǹkan bíi 149 cc). Ìrandíran CG ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì sábà máa ń jókòó sórí ihò bóòtù kan náà. 163FML ti ìsọ̀rí 200 ga ju èyí lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó, kí orí rẹ̀ má baà kan férémù.

125 sábà máa ń lo kabúrétọ̀ PZ26, 150 ń lo PZ27, 200 ń lo PZ30. Ẹ wọn àlàfo láàárín bóòtù méjèèjì tó dì í mú kí ẹ tó rà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré yọ àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ jù nù nítorí pé ẹ fẹ́ kí abẹ́ àga ṣófo. Eruku wa pọ̀, òjò wa sì le. Bí ẹ bá fi asẹ́ kékeré sí i, epo á kéré sí afẹ́fẹ́: pulọ́ọ̀gì á funfun, ẹ́ńjìnì á gbóná, á sì máa wúkọ́ bí ẹ bá ṣí tọ́rọ́tù. Ẹ máa fi ìpele kan kan gbé jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀) sókè títí pulọ́ọ̀gì á fi ní àwọ̀ bíi ti àmọ̀ pupa. Bí ẹ́ńjìnì kò bá tètè sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti tọ́rọ́tù pa, rọ́bà tó wà láàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì ló ti sán, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì. Àlàfo fáàfù jẹ́ 0.08 mm nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Pulọ́ọ̀gì D8EA, àlàfo rẹ̀ 0.6 sí 0.7 mm.

Ní ti iná: bí CDI yín (àpótí kékeré tó ń darí iná pulọ́ọ̀gì) bá jẹ́ irú tó ń gba iná tààrà láti ara kọ́ìlì, ẹ́ńjìnì á ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń gba 12V láti ara bátìrì, láìsí bátìrì tó dára, kò ní ta iná. Àwọn méjèèjì kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn, bí ojú ìsopọ̀ wáyà wọn tilẹ̀ jọra. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ gba kọ́ìlì, CDI àti régúlétọ̀ rẹ̀ pọ̀. Tíráfíkétọ̀ LED kì í fa iná tó fún fíláṣà àtijọ́, á máa yára ju bó ṣe yẹ tàbí kí ó má ṣẹ́jú rárá. Fíláṣà ti LED ni kí ẹ rà. Lórí àwọn CG kan, kọ́ìlì ló ń tan iná iwájú láìgba ara bátìrì. Bí ẹ bá fi LED síbẹ̀, á máa ṣẹ́jú, á sì jó láìpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé wáyà iná iwájú sórí bátìrì.

Ẹlẹ́sẹ̀Méjì_Ìbàdàn
Ó yé mi. Ìbéèrè tó kù: mo fẹ́ gé ẹ̀yìn férémù, kí n sì lo táǹkì GN. Áńdù ńkọ́, ṣé clip-on (áńdù méjì tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀)?

Tọ́nà_Agodi
Ẹ̀yìn ibi tí bóòtù ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn wà nìkan ni o lè gé, má gé iwájú rẹ̀. Kí o tó gé, yọ ṣọ́ọ̀kù méjèèjì, gbé táyà sókè dé ibi tí ṣọ́ọ̀kù máa ń dé bó bá wọlé tán, kí o sì fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí férémù níbi tí táyà dé. Irin yípo tuntun àti ìsàlẹ̀ àga gbọ́dọ̀ ga ju àmì yẹn lọ ní ó kéré tán mílímítà 20. Fi ọ̀pá kékeré sínú ọ̀pá méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ó wọlé tó mílímítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ajórin tó jó o pọ̀. Yọ bátìrì àti CDI kúrò kí iná ajórin tó kan férémù.

Bí o bá fẹ́ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn mìíràn, wọ̀n ọ́n láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀. Èyí tó bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní mílímítà 20 á jẹ́ kí máṣíìnì dẹ̀gbẹ́ jù lórí sítáńdì ẹ̀gbẹ́, ṣéènì á sì máa ha búṣì apá ẹ̀yìn. Ti Boxer lágbára nítorí pé ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Lábẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lórí àga tínrín, á máa ta ọ́ sókè ni.

Táǹkì GN rẹwà, ṣùgbọ́n ihò abẹ́ rẹ̀ kò jókòó sórí irin gbọọrọ òkè férémù CG láìtún àwọn ìkọ́ rẹ̀ ṣe. Ìkọ́ férémù ni kí o gé, kí o tún jó. Má fọwọ́ kan táǹkì. Bí iṣẹ́ bá di dandan lára táǹkì, gbẹ epo inú rẹ̀ tán, fọ̀ ọ́, kí o rọ omi kún un dé ibi tí wọn yóò jó kí iná tó kàn án. Afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ló máa ń bú gbàmù, àní nínú táǹkì tó ti ṣófo fún oṣù púpọ̀.

Clip-on lórí CG tí ibi ìtẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níwájú á dá ọrùn ọwọ́ rẹ lágara. Áńdù pẹrẹsẹ tó relẹ̀ ni kí o lò. Kébù ti tẹ́lẹ̀ á gùn jù. Má ká a mọ́ ẹ̀yìn iná iwájú, ra èyí tó kúrú. Lẹ́yìn náà, tan ẹ́ńjìnì, kí o yí áńdù sí ọ̀tún dópin àti sí òsì dópin. Bí ohùn ẹ́ńjìnì bá yí padà, kébù tọ́rọ́tù ti ń fà. Tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe kí o tó gùn ún jáde.

Sípóòkù36
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ajórin àti ẹni tó ń kùn ún pé wọn kò gbọdọ̀ fi fáìlì tàbí ọ̀dà nípọn kan nọ́ńbà tó wà lọ́rùn férémù. Bí ẹ bá sì gbé 162FMJ sí i, ẹ gba rìsíìtì ẹ́ńjìnì náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ fi yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì padà nínú ìwé máṣíìnì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.