"Òórùn burúkú" kò tó: ohun tí mo rò pé ó yẹ ká pe òórùn tó bá ṣàdéédé gba inú bàálù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkéré ń kọ ìwé ọ̀rọ̀ ìrìnnà òfurufú fún àwọn ọmọ girama. Wọ́n béèrè ohun tí a ó máa pe òórùn tí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù bá ṣàdéédé gbọ́ lójú òfurufú. Àwọn fúnra wọn mú "òórùn burúkú" wá. Ẹnìkan ní "èéfín inú bàálù" ló yẹ, ẹlòmíràn ní "afẹ́fẹ́ olóró". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wo "burúkú" ná. Bí ìyá kan bá ra irú l'Ọ́jà Ọba, tó fi ọ̀rá dì í, tó gbé e wọ bàálù, gbogbo àwọn tó jókòó yí i ká ló máa gbọ́ ọ. Ará Èkìtì á ti máa ro ọbẹ̀ àti iyán, ẹni tí kò mọ irú rí á dìmú. Irú kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òórùn wáyà tó ń gbóná lè fẹ́lẹ́ débi pé èrò kò ní kà á sí. Gáàsì carbon monoxide kò tilẹ̀ lóòórùn rárá, ó sì ń pani. Ìbúburú òórùn kọ́ ni òṣìṣẹ́ ń wá, ibi tó ti ń wá ni.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìwé náà dúró sí dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù jẹ́ẹ̀tì, ara ẹ́ńjìnì ni wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ tí èrò ń mí, níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ kí epo àti iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ohun tó dí ọ́ìlì mọ́ inú ẹ́ńjìnì bá jò, ọ́ìlì á bá afẹ́fẹ́ náà wọlé, òórùn tó máa ń mú wá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fi wé ti ìbọ̀sẹ̀ tí wọn ò fọ̀. (Boeing 787 yàtọ̀: ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná ló ń fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀ láti ìta.) Òórùn lè jẹ́ ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ kaná, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí ti bátìrì fóònù tó ń gbóná nínú àpò èrò. Òṣìṣẹ́ á wò ó bóyá ibì kan ló ti ń rùn tàbí ó kárí, á sì ta awakọ̀ lólobó lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró kí òórùn náà lọ fúnra rẹ̀, torí òórùn tètè máa ń mọ́ imú lára: ó lè wà níbẹ̀ kí imú má gbọ́ ọ mọ́. Bí awakọ̀ bá fura, ìbòmú ọ́síjìn ló kọ́kọ́ máa fi sójú.

"Èéfín" ńkọ́? Ohun tí ojú rí ni èéfín. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1998, àwọn awakọ̀ bàálù Swissair 111 tó gbéra ní New York lọ sí Geneva gbọ́ òórùn kan níwájú ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ló fà á. Iná wáyà ni, lókè orí wọn. Kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn náà tí bàálù fi já sínú òkun nítòsí Nova Scotia ní Kánádà, gbogbo èèyàn 229 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Imú ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ ká kọ́ ọmọ pé kó dúró de èéfín.

"Afẹ́fẹ́ olóró" ti dájọ́ kó tó wádìí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí àìsàn tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fà. Nígbà tí ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú, gbé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2015, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti bí a ṣe ń jábọ̀ ló dá lé.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo mú wá. "Òórùn àjèjì" fún ohun tí imú gbọ́ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èèyàn nìkan ni àjèjì, a ń sọ̀rọ̀ èdè àjèjì àti àṣà àjèjì lójoojúmọ́. "Àbàwọ́n afẹ́fẹ́" fún ohun tó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ gan-an, yálà ó ń rùn tàbí kò rùn. Àbàwọ́n kò sọ pé ó ń pani, kò sì sọ pé kò pani.

Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí òǹtẹ̀wé yọ àmì ohùn kúrò. Bí wọ́n bá kọ "oorun" lásán, ọmọ lè kà á sí èyí tí a ń sùn tàbí èyí tó ń ràn lójú ọ̀run. Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kí gbólóhùn náà rí nínú ìwé: "Bí ẹ bá gbọ́ òórùn àjèjì, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó jọ àti ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ."