Agbádá lálẹ́ àsè lórí ọkọ̀ òkun: ẹ bá wa sọ ìrírí tiyín

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹnìkan nínú wa béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun àti ìyàwó òun fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun láti Southampton lọ sí New York, pé ṣé dandan ni kí òun ra kóòtù dúdú àti táì kí wọ́n tó jẹ́ kí òun jókòó jẹun. Ìdáhùn mi gùn, ìdí nìyẹn tí mo fi dá a kọ síbí. Ẹni tó bá ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, kó fi tirẹ̀ kún un.

Ibi tó dùn mí ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti baálé mi lọ gbafẹ́ lórí òkun, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ la wọ̀. Alẹ́ kejì ni alẹ́ àsè. Baálé mi wọ bùbá àti ṣòkòtò gínì funfun, ó dé fìlà, ó sì dára lójú mi bí ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn oúnjẹ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní aṣọ yìí kò bá òfin alẹ́ náà mu, kó lọ wọ kóòtù wá. Kò pariwo, kò bú wa, ṣùgbọ́n àwọn tó tò sẹ́yìn wa gbọ́. Baálé mi kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó kàn yí padà ni. A lọ jẹ ìrẹsì àti ẹja díndín níbi bọ́fẹ́ẹ̀ lókè, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Mo rí i tó ṣí fìlà náà lórí, tó ká a sí méjì, tó kì í bọ àpò. Fìlà yẹn ni n kò lè gbàgbé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún, ó ní òun ṣì fẹ́ rí òkun Atlantic láti etí kan dé èkejì. Mo ní kò burú, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó san kọ́bọ̀, màá ka òfin aṣọ wọn láti orí dé ìdí. Queen Mary 2 ti ilé-iṣẹ́ Cunard la mú. Saint-Nazaire nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́dún 2004, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 345. Alẹ́ méje la fi rin ìrìn náà. Mo rí i kedere nínú òfin wọn pé lálẹ́ àsè ńlá tí wọ́n ń pè ní Gala, ọkùnrin lè wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú táì labalábá, tàbí súùtù dúdú pẹ̀lú táì, tàbí aṣọ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, tó bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń ròde pàtàkì. Mo ké pe baálé mi láti ilé ìdáná pé kó wá fojú ara rẹ̀ kà á. Síbẹ̀ náà, mo kọ̀wé sí wọn, mo fi fọ́tò agbádá ẹtù rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n fèsì pé kó máa gbé e bọ̀. Mo tẹ èsì náà sórí ìwé, mo kó o sínú báàgì ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè rẹ̀ títí a fi dé New York, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí iye ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ dẹ́rù bà yín. Yàrá tí ẹ bá san owó rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ẹ ó ti máa jẹ oúnjẹ alẹ́. Àwọn tó gba yàrá tó wọ́n jù ń jẹ ní Queens Grill, àwọn tó tẹ̀lé wọn ń jẹ ní Princess Grill, Britannia sì ni ti àwa tó pọ̀ jù. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibi yẹpẹrẹ ni. Gbọ̀ngàn náà ga ju àjà kan lọ, àtẹ̀gùn fífẹ̀ wà nínú rẹ̀, aṣọ híhun ràgàjì kan tí wọ́n ya ọkọ̀ òkun sí sì bo ògiri. Orúkọ ọkọ̀ Cunard tó kọ́kọ́ ti Liverpool gbéra lọ sí Halifax àti Boston lóṣù Keje 1840 ni wọ́n fi sọ ọ́. Màlúù ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ìjọ́sí yẹn kí àwọn èrò lè rí wàrà mu.

Ìjókòó méjì ló wà ní Britannia, aago mẹ́fà àti aago mẹ́jọ ààbọ̀, tábìlì kan náà àti àwọn agbáwo kan náà lẹ ó sì máa rí lálaalẹ́. A mú aago mẹ́jọ ààbọ̀. Gèlè kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìkánjú wé. Nǹkan mìíràn ni pé bí ẹ bá ń lọ sí New York, alẹ́ márùn-ún nínú méje ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí náà ẹni tó jẹun pẹ́ kò pàdánù oorun.

Alẹ́ àsè àkọ́kọ́ tiwa, dúdú àti funfun ni wọ́n ní kí gbogbo èrò wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹtù, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ: aró tó pọ́n débi tó fi dúdú, tí ìlà funfun tín-ín-rín ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bàbá baálé mi ló ni agbádá náà tẹ́lẹ̀, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún. Bí a ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo rí i pé baálé mi fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹrí ba díẹ̀, ó pe orúkọ wa, ó sì ní ká máa kálọ.

Ọkùnrin ará Scotland kan wà ní tábìlì wa, ó ró kílìtì, aṣọ onígun mẹ́rin-mẹ́rin ti ìdílé wọn, mọ́ ìdí. Òun àti baálé mi wo ara wọn, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì láti èjìká dé etí rẹ̀, ó wá béèrè ìdí tí wọn kò fi hun ún ní fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Baálé mi ṣàlàyé òfì fún un, ó ṣàlàyé ìkòkò aró, ó sọ pé ara ẹyẹ ẹtù ni wọ́n ti rí orúkọ aṣọ náà. Ọbẹ̀ ti tutù níwájú àwọn méjèèjì. Èmi kò dá sí i. Mo jókòó, mò ń wo ọkùnrin tó ki fìlà bọ àpò lọ́jọ́sí.

Àwọn ìmọ̀ràn tó kù rèé bí mo ṣe ń rántí wọn. Ẹ ká ọwọ́ agbádá sórí èjìká dáadáa kí ẹ tó nawọ́ mú búrẹ́dì, nítorí ife wáìnì pọ̀ lórí tábìlì. Wọn kò gba áyọ́ọ̀nù nínú yàrá rárá nítorí iná. Yàrá ìfọṣọ wà fún gbogbo èrò, ibẹ̀ lẹ ó ti lọ aṣọ yín, ẹ sì tètè débẹ̀ lọ́jọ́ àsè. Àwọn alẹ́ tí kì í ṣe ti Gala kò le tó bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn aago mẹ́fà, kí aṣọ ṣáà ti gún régé, kó má jẹ́ ṣòkòtò péńpé tàbí jíìnsì tó ti ya. Bí ó bá sì rẹ̀ yín lálẹ́ Gala tí ẹ kò fẹ́ múra, ẹ lè jẹun ní Kings Court tó jẹ́ ti bọ́fẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ jókòó ní ilé ọtí Golden Lion, ẹnikẹ́ni kò ní yọ yín lẹ́nu. Lọ́sàn-án, ẹ má fi tíì tí wọ́n ń mu ní gbọ̀ngàn Queens Room du ara yín. Àwọn agbáwo tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun ló ń gbé e kiri pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti kéèkì, orin sì ń lọ lábẹ́lẹ̀.

Ata ńkọ́? Ẹ sọ lálẹ́ àkọ́kọ́. Mo sọ fún agbáwo wa pé oúnjẹ wọn dùn, àmọ́ ahọ́n mi ń wá ata. Ó rẹ́ ata tútù sínú àwo pẹlẹbẹ kékeré kan fún mi. Láti alẹ́ kẹta, kí n tó jókòó, àwo yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí mi.

Ará Houston

Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn wọ̀ mí lára. Ìrírí tiwa yàtọ̀. Èèyàn mọ́kànlá ni wá, a wọ ọkọ̀ ní Galveston ní Texas, a ń lọ sí Cozumel ní Mexico. A dá ankara aṣọ ẹbí fún alẹ́ àsè, gbogbo wa wọ̀ ọ́, látorí bàbá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún títí dórí ọmọ ọdún mẹ́rin. Aṣọ kọ́ ló fa wàhálà fún wa, tábìlì ni. A kò sọ ṣáájú pé ìdílé kan ni wá, ni wọ́n bá pín wa sí tábìlì mẹ́ta, bàbá mi sì bọ́ sí apá kejì gbọ̀ngàn láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Ọ̀gá àwọn agbáwo ni mo lọ bá lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti jẹun tán tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti so tábìlì méjì pọ̀ fún wa létí fèrèsé. Ẹni tó bá ń kó ẹbí lọ, kó rí i pé nọ́ńbà tí wọ́n fi gba ààyè lórí ọkọ̀ fún gbogbo yín so mọ́ ara wọn kí ẹ tó kúrò nílé.

Bàbá mi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀gá yẹn kan náà ló ń mú ìwé oúnjẹ ọjọ́ kejì wá bá wọn lálaalẹ́, kí wọ́n lè mú èyí tó wù wọ́n kí wọ́n tó lọ sùn. Bàbá mi ṣì máa ń ki ọkùnrin yẹn nínú àdúrà.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n. Mo gbádùn ohun tẹ́ ẹ kọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa kọ́ la fẹ́ múra lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Èmi ń wọ aṣọ iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, bàtà pẹrẹsẹ ni ẹsẹ̀ mi ń fẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Norwegian ni mo máa ń bá lọ nítorí pé wọn kì í fi alẹ́ àsè di dandan fún ẹnikẹ́ni, ẹ lè jẹun nígbà tó bá wù yín, pẹ̀lú ẹni tó bá wù yín. Ilé-iṣẹ́ Viking náà kò ní alẹ́ tí wọ́n ti ń fipá béèrè kóòtù dúdú, àmọ́ wọn kì í gba ọmọdé.

Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ gbogbo yín fún: ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó dé ibi bọ́fẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọ́n sí yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà nìkan, omi àti ọṣẹ ni mo wí. Kòkòrò norovirus tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, omi apakòkòrò ọlọ́tí tí wọ́n ń fọ́n yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ṣíbí kan náà ni igba èèyàn ń dì mú níbẹ̀.

Ẹni tó béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá

Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá. Ìbéèrè méjì ló kù mí kù. Ṣé gbogbo oúnjẹ ló wà nínú owó tí a san? Ìyàwó mi sì ní kí n béèrè bẹ́ ẹ ṣe gbé gèlè tí kò fi rún.

Ìdáhùn mi

Oúnjẹ Britannia, Kings Court àti tíì ọ̀sán wà nínú owó yín. Ilé oúnjẹ Verandah ń gba owó lọ́tọ̀, ọtí náà sì ní owó tirẹ̀. A jẹun ní Verandah lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ ìbí gan-an. Ẹran màlúù wọn rọ̀ débi pé baálé mi fi eyín òsì jẹ ẹ́, eyín tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti bí ọdún méjì.

Ní ti gèlè, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé kó má wé e sílẹ̀ láti ilé. Mo gbìyànjú ìyẹn nígbà kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo na aṣọ òkè náà gbọọrọ, mo fi bébà funfun tẹ́ inú rẹ̀, mo wá ká a bí ẹní yí ìdí ìgò kan ká, mo sì tẹ́ ẹ sí àárín aṣọ mìíràn nínú àpótí. Dígí inú yàrá wa kéré, ọkọ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí náà mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì láti wé e, baálé mi ló ń di etí rẹ̀ kan mú fún mi. Kó mú pín-ìnnì olórí dání, ó kéré tán mẹ́fà. Méjì nínú tèmi bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò sì rí wọn mọ́.