Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè tako iye «ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 73» níwájú júrì?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí ní London, a sì fẹ́ ṣe ìgbẹ́jọ́ ìdánrawò lórí ẹjọ́ Sally Clark, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní Chester lọ́dún 1999 pé ó pa ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Èmi ni n ó gbẹnu sọ fún olùjẹ́jọ́. Oníṣègùn ọmọdé, Roy Meadow, ni mò ń bẹ̀rù jù, torí ó sọ fún júrì pé kí ọmọ ọwọ́ méjì kú ikú òjijì nínú irú ilé bíi ti Clark, ẹ̀ẹ̀kan péré ni nínú mílíọ̀nù 73. Ṣé ìṣirò yìí ni kí n gbógun tì, tàbí kí n dojú kọ ẹ̀rí yòókù?

Olùkọ́ ìṣirò, Ìbàdàn: Àbúrò, wo ibi tí iye náà ti wá. Wọ́n ní nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í mu sìgá, tí owó iṣẹ́ ń wọlé, tí ọjọ́ orí ìyá sì ju ọdún 26 lọ, ọmọ kan nínú 8,543 ni irú ikú yìí ń pa. Meadow wá sọ 8,543 di ìlọ́po 8,543. Ìyẹn ì bá tọ́ ká ní ikú ọmọ kan kò kan ti èkejì rárá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, inú ilé kan náà ni wọ́n sì wà, nítorí náà ohun tó pa ẹ̀gbọ́n lè wà lára àbúrò. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, irú ikú yìí sì máa ń pa ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ìyẹn kò tilẹ̀ wọ inú ìṣirò rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ló burú jù lójú tèmi. Bí iye náà bá tilẹ̀ tọ̀nà, bí irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó nìkan ló ń sọ. Kò sọ bóyá obìnrin náà jẹ̀bi. Ìyá tó pa ọmọ rẹ̀ méjì náà ṣọ̀wọ́n gidigidi, nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ti kú, ohun tó kù fún júrì ni láti wo èyí tó ṣeé gbà gbọ́ jù nínú ohun ṣíṣọ̀wọ́n méjèèjì. Royal Statistical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Bíríténì, tako iye náà ní gbangba ní oṣù kẹwàá ọdún 2001.

Agbẹjọ́rò, Manchester: Òótọ́ ni ọ̀gá olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n má fi ẹ̀rí yòókù sílẹ̀ o. Lọ́dún 2000, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé àléébù wà nínú iye náà, síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀rí yòókù tó láti dá a lẹ́bi. Ìgbà tó hàn pé dókítà tó yẹ òkú wò kò fi èsì àyẹ̀wò kòkòrò àrùn ọmọ kejì síta ni ẹjọ́ náà tó wó, ní oṣù kìíní ọdún 2003.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣé kí n gbé ìlànà Bayes, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń wo bí ẹ̀rí ṣe ń yí bí ohun kan ṣe ṣeé gbà gbọ́ tó padà, síwájú júrì?

Agbẹjọ́rò, Manchester: Rárá. Nínú ẹjọ́ Adams lọ́dún 1996, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ yóò kàn da júrì láàmú ni. Ìbéèrè kan péré ni kí o bi Meadow: «Ọ̀jọ̀gbọ́n, ǹjẹ́ iye yín yìí sọ fún wa bí ìyá tó ń pa ọmọ méjì ṣe ṣọ̀wọ́n tó?» Kò ní ìdáhùn mìíràn ju «rárá» lọ. Lẹ́yìn náà, kọjá sórí èsì àyẹ̀wò.