Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ nínú áíkọ̀nù kékeré: báwo ni gángan yóò ṣe hàn ní píksẹ̀lì 48?

Ayàwòrán_Ìlù béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ya áíkọ̀nù (àwòrán kékeré tí a ń tẹ̀ láti ṣí áàpù) fún áàpù kan tí àwọn ọmọdé yóò fi máa kọ́ bí a ṣe ń lu gángan. Píksẹ̀lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 512 sí 512 tí Google Play, ibi tí a ti ń gba áàpù, ń béèrè fún ni mo fi yà á, ó sì dára lójú mi: ọsán hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣaworo ń dán, igi náà sì ní ìrísí tó péye. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dín in kù sí 48, gbogbo ọsán para pọ̀ di eléèrú, a kò sì mọ ohun tí ṣaworo jẹ́ mọ́. Bí mo bá gbé e sórí ojú fóònù tó dúdú, n kò rí ibi tí igi parí sí. Mo ti fi àwọ̀ tó túbọ̀ le kún un, mo sì fi òjìji sí abẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Ibo ni ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti máa wá nínú àwòrán tó kéré báyìí, àwọ̀ mélòó ni kí n sì lò? GIMP, ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán, ni mo ń lò.

Ìyá_Aláwọ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ àwọ̀ tì ná. Ẹ lọ sí Desaturate (èyí tó ń yọ àwọ̀ kúrò) nínú GIMP, kí ẹ yan Luminance (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀), kí ẹ wá wo bí gángan yín ṣe rí láìsí àwọ̀ rárá. Bí igi, ọsán àti awọ bá ti dọ́gba nínú ìmọ́lẹ̀, kò sí àwọ̀ tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ní píksẹ̀lì 48, bó ti wù kó le tó.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwọ̀ mẹ́ta tí ojú fóònù ń tàn kò ní agbára kan náà lójú ènìyàn. Nínú sRGB, ìwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò, àwọ̀ ewé ló ń mú nǹkan bí ìdá 72 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí wá, pupa ń mú ìdá 21, búlúù ń mú ìdá 7 péré. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ fi pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ igi, kí ẹ rò pé ẹ ti fi ìyàtọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ wọn kò jìnnà síra.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta tó fún ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀: èyí tó ṣú, èyí tó wà láàárín, èyí tó mọ́. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ń sọ ìrísí ìlù fún ẹni tó ń wò ó ni kí ẹ tó da àwọ̀ lé e. Áíkọ̀nù tí ayàwòrán Susan Kare yà fún kọ̀ǹpútà Macintosh àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1984, kò ju píksẹ̀lì 32 sí 32 lọ, dúdú àti funfun nìkan ni ó sì ní lọ́wọ́. Bí mo bá ń wò wọ́n lónìí, wọ́n ṣì ń yé mi kíákíá ju ọ̀pọ̀ áíkọ̀nù aláràbarà tó wà lórí fóònù mi lọ.

Igi_Àpá dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Aláwọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá nílò ìdáhùn tirẹ̀. Ẹ mú un wá láti òkè ní apá òsì, nítorí ibẹ̀ ni ó ti mọ́ ojú wa lára. Bọ́tìnì inú ètò kọ̀ǹpútà Windows 95 ní ìlà funfun ní òkè àti ní òsì, ó sì ní ìlà tó ṣú ní ìsàlẹ̀ àti ní ọ̀tún. Ohun tó mú kí ó yọ síta kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ wá wo gángan fúnra rẹ̀ dáadáa. Bí a bá gbé e dúró lóòró, igi apá òkè ń dín bọ̀ wá sí ìbàdí, nítorí náà ara rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ díẹ̀. Igi apá ìsàlẹ̀ ń fẹ̀ lọ láti ìbàdí, ara tirẹ̀ sì kọjú sí òkè. Ìdajì ìsàlẹ̀ ló yẹ kó mọ́lẹ̀ jù nígbà náà, àfi awọ tó wà lójú ìlù lókè, tí ìmọ́lẹ̀ ń bà tààrà. Bí ẹ bá kun gbogbo rẹ̀ láti mímọ́ lókè dé ṣíṣú nísàlẹ̀ bí ẹni ń kun ògiri, ìbàdí ìlù á sọnù pátápátá.

Ní ti àwọ̀, ẹ má ṣe fi dúdú lásán ṣe òjìji, ẹ má sì fi funfun lásán ṣe ibi tó ń dán. Bí igi bá wà ní Hue 25 (Hue ni nọ́ńbà tó ń sọ irú àwọ̀), ẹ jẹ́ kí ibi òjìji sún sí 10, kí ó pupa díẹ̀, kí ẹ sì fi kún Saturation rẹ̀ (bí àwọ̀ ṣe le tó). Ẹ jẹ́ kí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà sún sí 38, kí ó súnmọ́ àwọ̀ oyin, kí Saturation rẹ̀ sì dín kù. Irin tó ń dán bíi ṣaworo kò fẹ́ àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀: píksẹ̀lì kan tó mọ́ gan-an, kí èyí tó ṣú gan-an tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣaworo méjì tí a yà báyìí sàn ju mẹ́jọ tí kò hàn.

Onípíksẹ̀lì dáhùn pé:

Ohun tó sọ ọsán yín di eléèrú ni bí a ṣe ń dín àwòrán kù. Bí ìlà funfun àti ìlà dúdú bá pọ̀ dọ́gba, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kí wọ́n di, èyí tí í ṣe 188 nínú sRGB, níbi tí 0 ti jẹ́ dúdú, tí 255 sì jẹ́ funfun. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá kàn mú àárín nọ́ńbà méjèèjì láìka ìmọ́lẹ̀ sí, 128 ni yóò fún yín, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń ti ibẹ̀ jáde kò ju nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 lọ. Ọsán tó mọ́ lórí igi tó ṣú ni irú ìpàdánù yìí ń bà jẹ́ jù. Ẹ lọ sí Image, lẹ́yìn náà Precision, kí ẹ yan Linear light, èyí tó ń ka ìmọ́lẹ̀ gan-an, kí ẹ tó dín in kù.

Síbẹ̀, èmi kò ní dín in kù rárá. Mo máa tún un yà ní 48 pẹ̀lú Pencil, ohun èlò GIMP tí a fi ń ya píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ọsán márùn-ún péré, kí píksẹ̀lì méjì tó ṣú wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì yọ òjìji abẹ́ rẹ̀ kúrò, nítorí Google Play fúnra rẹ̀ ń fi òjìji sí i.

Ayàwòrán_Ìlù:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ojú fóònù tó dúdú wá ńkọ́? Ṣé kí n fi ìlà funfun yí gángan náà ká ni?

Ìyá_Aláwọ̀:

Rárá o, ìlà funfun á jẹ ìrísí rẹ̀ run. Láti Android 8 ni ẹ ti lè fi ẹ̀yìn áíkọ̀nù sí ìpele tirẹ̀: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dp (ẹyọ ìwọ̀n tí Android ń lò) 108 sí 108, 72 ló ń hàn, ẹ sì fi gángan sínú 66 tó wà ní àárín kí fóònù má baà gé e. Ẹ fi àwọ̀ aró sí ẹ̀yìn náà, bí àpẹẹrẹ èyí tí kóòdù àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ #1F2A5A. Bí igi bá jẹ́ #B26F3E, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn jẹ́ 3.4 sí 1, ó sì ju 3 sí 1 tí WCAG 2.1, ìlànà tó ń mú kí ohun orí íńtánẹ́ẹ̀tì rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò, ń béèrè fún àwòrán. Apá ọ̀tún tó wà nínú òjìji nìkan ló ṣì lè rì sínú aró. Ẹ fi ìlà píksẹ̀lì kan sí etí ibẹ̀, kí ó ní àwọ̀ búlúù tó mọ́ díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí ó má sì mọ́ tó ọsán.