Èsì: "ọmọ olóye" kọ́, àṣàmú ni

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, bi wá kò le. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wọn ń ya àwọn ọmọ tí ìwé tètè ń yé sọ́tọ̀, wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí tó jẹ́ Yorùbá, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa pe ètò náà. Ni ẹ̀gbọ́n bá fúnra wọn gbé "ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olóye" jáde, ẹ sì ti ń pàtẹ́wọ́ fún wọn!

Ẹ yọ àmì kúrò lórí ẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń yọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹ wo ohun tó kù. Òbí wo ni kò ní kà á sí ọmọ olóyè? Wọ́n á ní ọmọ ìjòyè nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ká tiẹ̀ fi àmì sí i, "oní" tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ló ń bí mi nínú jù. Bí ẹ bá pe ọmọ márùn-ún ní olóye, kí lẹ fẹ́ pe ogún tó kù ní kíláàsì? Aláìlóye? Ìyá tiwọn náà máa ka lẹ́tà yẹn o.

Àbúrò tó ní ká lo "àkàndá", ṣé ìwọ kì í gbọ́ rédíò ni? Àwọn tó ní ìpèníjà ara ni wọ́n ń pè ní àkàndá ẹ̀dá. Lóòótọ́, ìwé ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, láti 1977, kó irú ọmọ méjèèjì sábẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ìjọba ló kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba yẹn náà ló dá akádẹ́mì tó wà ní Suleja sílẹ̀ ní 1986 fún àwọn tí orí wọn pé, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ àkàndá.

Ọ̀rọ̀ ti wà nílé tipẹ́. "Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú." À-ṣà-mú, gẹ́gẹ́ bí àṣàyàn: ẹni tí a ṣà, tí a mú. Kò sí "oní" kankan níbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣà ló hàn, ẹni tó ń ṣà sì lè ṣì í ṣà. Nígbà tí Lewis Terman, onímọ̀ nípa ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1921, wọ́n dán William Shockley àti Luis Alvarez wò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, máàkì wọn kò tó. Shockley gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1956, Alvarez gba tiẹ̀ ní 1968. Ṣé wọn kì í ṣe olóye ni? Wọn ò kàn ṣà wọ́n mú ni.

Ẹnìkan ní "tí yóò jẹ́" ni òwe wí, pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kò tíì di àṣàmú, ó ṣì ń ṣẹnu ṣámúṣámú ni. Mo gbọ́. Ṣé "ẹ̀kọ́ àwọn aṣẹnuṣámúṣámú" la máa wá kọ sórí lẹ́tà? Ọ̀gá tó sì ní orúkọ ènìyàn ni Àṣàmú, pé lẹ́tà ńlá ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀: ọmọ ìlú wo ni Àṣàmú yìí? Lẹ́nu bàbá mi àgbà, òwe kò ní lẹ́tà ńlá. Àwọn tíṣà ayé ìgbà yẹn kò tiẹ̀ wá orúkọ rárá. Bí ìwé bá ń yé ọmọ jù, wọ́n á ní kó fo kíláàsì, ìyá àgbà á sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má pariwo ẹ̀ fáráyé.

Ẹni tó bi mí pé yunifásítì wo ni mo ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kó lọ wo ohun tí Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ṣẹ̀dá, ẹnu ọmọ kéékèèké ló gbà kọjá. Ọmọ gbáàtúù ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Èdè wo ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń ṣa àwọn ọmọ ní Maryland? Kò sẹ́ni tó bèèrè ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ "Ẹ̀kọ́ Àwọn Àṣàmú", kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ìsinmi. "Ẹ̀bùn àbínibí" tí ẹnìkan tún gbé wá lálẹ́ àná, mo ń padà bọ̀ sórí ẹ̀. "Àbínibí" yẹn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀.