Fáìlì tí ètò mìíràn ń lò kò jẹ́ kí n fi ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ètò tí mo fi ń fún fáìlì pọ̀ lórí Windows 11, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá ti dé ìdajì, yóò dúró, yóò ní ètò mìíràn ń lo fáìlì .dll kan (fáìlì àwọn àṣẹ tí ètò máa ń yá lò) lọ́wọ́, yóò sì gbé àṣìṣe 32 jáde. Mo ti ti gbogbo ètò tí mo rí, mo tilẹ̀ ti pa kọ̀ǹpútà náà tí mo sì tún un tàn, pàbó ló já sí. Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni tó di fáìlì yìí mú?

Èsì kìíní
Windows kì í gbà kí a pa fáìlì .dll rẹ́, tàbí kí a kọ nǹkan mìíràn lé e, níwọ̀n ìgbà tí ètò kan bá ṣì ń lò ó, yálà ètò náà hàn lójú tàbí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí ẹ tẹ `tasklist /m` àti orúkọ fáìlì náà. Ètò tó ń lò ó yóò jáde.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé, sà. explorer.exe nìkan ni mo rí.

Èsì kejì
Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Ẹ̀dà àtijọ́ ti fi ara rẹ̀ sínú àkójọ tó máa ń yọ bí ẹ bá fi ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì, explorer.exe, ètò Windows tó ń ṣí fódà, ló sì ń gbé àkójọ náà jáde. Ìdí nìyí tí títi fódà kò fi ràn yín lọ́wọ́, nítorí òun kan náà ló ń gbé ọ̀pá ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà dúró. Ẹ lọ sí Task Manager, ẹ yan Windows Explorer (explorer.exe náà nìyẹn), ẹ tẹ Restart, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tuntun náà sí i lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣì kọ̀, tí ó sì bi yín bóyá kí òun pààrọ̀ fáìlì náà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà fún un. Àmọ́ Restart ni kí ẹ lò, kì í ṣe Shut down: láti Windows 8 ni Fast Startup, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tètè tàn, ti wà, bí ó bá sì wà ní títàn, Shut down kì í pa ọkàn Windows pátápátá, ńṣe ló ń tọ́jú rẹ̀ sínú díìsìkì, ìpààrọ̀ tó ń dúró de ìbẹ̀rẹ̀ tuntun kò sì ní wáyé.

Olùbéèrè
Ó ti gbà á, ṣùgbọ́n ó kọ 3010 síbẹ̀. Ṣé àṣìṣe mìíràn ni?

Èsì kìíní
Rárá o. Ohun tó ń wí ni pé iṣẹ́ ti yọrí, ó ku kí ẹ tẹ Restart kí kọ̀ǹpútà náà tún bẹ̀rẹ̀.