Ṣé àṣẹ Ọlọ́run yàtọ̀ sí àṣẹ ìjọba, àbí ọ̀kan náà ni?

aláròjinlẹ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan là ń fà á látàná, ó ní kò síyàtọ̀ kankan láàárín àṣẹ Ọlọ́run àti àṣẹ ìjọba, ó ka Róòmù 13 sí mi létí, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kò sí àṣẹ kan tí kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, ó ní tóo bá ti lè ta ko ìjọba, Ọlọ́run lo ta kò yẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo wá bi í pé Fáráò tó ní kí wọ́n máa ju àwọn ọmọkùnrin Hébérù sódò ńkọ́, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun náà ti gbàṣẹ yẹn? Ó ní àríyànjiyàn mi ti pọ̀ jù. Ṣé ìbéèrè mi burú ni? Tí wọ́n bá sì yàtọ̀, ibo gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀?

bàbá_ọlọ́mọmẹ́ta:
Kò burú rárá jàre. Ibi tó wu ọ̀rẹ́ ẹ ló kà. Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣebí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tó bá jẹ́ gbogbo ohun tíjọba bá ti sọ ni Ọlọ́run sọ, kí ló wá dé ẹ̀wọ̀n? Kó ka Ìṣe 5:29 náà, ibi táwọn àpọ́sítélì ti ní Ọlọ́run ló yẹ káwọn ṣègbọràn sí, kì í ṣe èèyàn.

Lójú tèmi, àyálò ni àṣẹ tó wà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó yá nǹkan lò kò lè ṣe é bó ṣe wù ú. Ẹ wo Áhábù àti ọgbà àjàrà Nábótì. Ọba ni o, ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀, Nábótì ní rárá, ogún bàbá òun ni. Kí lọba ṣe? Ó wálé, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò jẹun! Bí ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ju òun lọ tí ò jẹ́ kóun lè fipá gba ilẹ̀ yẹn. Ìyàwó ẹ̀ Jésébẹ́lì ni ò gbà, ló bá kọ lẹ́tà lórúkọ ọba, ó lu èdìdì ọba mọ́ ọn, wọ́n pe àwọn àgbààgbà jọ, wọ́n wá ẹlẹ́rìí méjì, wọ́n sì sọ Nábótì lókùúta pa. Téèyàn bá wo ìwé nìkan, gbogbo ẹ̀ bófin mu. Síbẹ̀ inú ọgbà yẹn gan-an ni Èlíjà ti lọ bá ọba, ó ní ṣé o ti pààyàn, o sì ti gba ohun ìní ẹ̀? Èdìdì ọba ò gbà á sílẹ̀.

adájọ́_òru:
Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yẹn dùn, àmọ́ ẹ fi ibi tó le sílẹ̀. Ta ló máa sọ fún wa pé Èlíjà ni Ọlọ́run rán, pé kì í ṣe Áhábù? Ọlọ́run kì í wá fúnra ẹ̀, èèyàn náà ló máa ń ní Ọlọ́run ló ní kóun sọ ọ́. Ní 1076 Póòpù Gregory Keje lé Ọba Henry Kẹrin ti Jámánì kúrò nínú ìjọ, nígbà tó di 1077, ọba dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi ní Canossa ní Ítálì fún odidi ọjọ́ mẹ́ta láìwọ bàtà, nínú òtútù oṣù January, títí Póòpù fi dárí jì í. Ní 1084 ọba yìí kan náà kó ogun wọ Róòmù, ó fi Póòpù tiẹ̀ jẹ, Gregory sì kú sí Salerno lọ́dún kejì. Àwọn méjèèjì ló ní Ọlọ́run wà lẹ́yìn àwọn o.

Charles Kìíní ti Íńgíláǹdì náà ní Ọlọ́run nìkan lòun máa jíhìn fún, ó fi ọdún 11 ṣèjọba láìpe ilé aṣòfin. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ́ ẹ lórí, January 30, 1649, ẹ̀wù méjì ló wọ̀ torí òtútù, kí wọ́n má baà rò pé ẹ̀rù ló ń mú un gbọ̀n. Mo káàánú ẹ̀ níbẹ̀ yẹn ṣá, àmọ́ ẹni tó bá ní òun ò ní jíhìn fún èèyàn ni mo máa ń sá fún.

ọmọ_Kéú:
Tiwa náà ní in. Nínú Kùránì, Súrà 4:59, Allah ní ẹ tẹ̀lé Allah, ẹ tẹ̀lé Òjíṣẹ́ náà, àti àwọn aláṣẹ láàárín yín. Ẹ wò ó dáadáa, "ẹ tẹ̀lé" wà níwájú Allah, ó wà níwájú Òjíṣẹ́, kò sí níwájú àwọn aláṣẹ. Àwọn áfáà ní torí pé tiwọn ò dá dúró ni. Tí ìjà bá sì dé, ibẹ̀ náà ló ní kẹ́ ẹ dá a padà sọ́dọ̀ Allah àti Òjíṣẹ́. Abu Bakr tó di aṣáájú lẹ́yìn ikú Òjíṣẹ́ fúnra ẹ̀, bó ṣe gorí oyè ló ti ní kí wọ́n má tẹ̀lé òun mọ́ tóun bá ṣẹ Allah. Ọba wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lónìí?

aláròjinlẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. @adájọ́_òru ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ n rọ́rùn mi yí mọ́ o. Mo ti fi ti Nábótì yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.